Oyin Inú Àpáta, Wúrà Inú Òkúta

Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ọ̀rọ̀ ìgboyà ni àwọn àgbà fi òwe yìí sọ: ohun iyebíye kì í wá lọ́fẹ̀ẹ́, ẹni tó bá sì ń ṣàánú irin ọwọ́ rẹ̀ kò ní fẹnu kan afárá. Bí a ṣe ń pa á nìyẹn níbi ìgbéyàwó, níbi ìkówèéjáde àti lórí rédíò. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan sá pamọ́ sínú òwe náà tí a kì í sábà bi í. Ta ló sọ fún aláàáké pé oyin wà nínú àpáta yẹn? Àwọn oyin fúnra wọn ni. Ọkùnrin náà ti rí wọn tí wọ́n ń wọ pàlàpálá òkúta tí wọ́n sì ń jáde, ó ti gbọ́ híhó wọn, wọ́n tilẹ̀ lè ti ta á lójú. Kò sẹ́ni tó ń ya àpáta kiri bóyá oyin á ṣèèṣì wà nínú rẹ̀. Ìgboyà tí òwe yìí ń yìn, ìgboyà ẹni tó ti rí ẹ̀rí ni.

Wúrà kì í hó, kì í sì í ta èèyàn. Ìṣòro ẹni tó ń wá wúrà inú òkúta líle nìyẹn. Ẹni tó ń fi àwo fọ yanrìn odò á ti rí ohun tó kù nísàlẹ̀ àwo kí ilẹ̀ tó ṣú. Tí kò bá rí nǹkan kan, á ṣí lọ sí ìsàlẹ̀ odò. Ẹni tó dojú kọ àpáta lè lo ọdún gbáko, kó ra díẹ́sù, kó san owó àwọn lébìrà, kó tó mọ̀ pé òfo lòun ń gé.

Ẹ jẹ́ ká mú ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà wò. Láti ayé àwọn òyìnbó amúnisìn ni wọ́n ti ń fọ wúrà jáde nínú àwọn odò agbègbè Iléṣà. Wúrà odò ní orísun: ọ̀gbàrá ló gé e kúrò lára òkúta. Lápá Ìpérindó àti Odò-Ìjẹ̀ṣà ni orísun náà ti fojú hàn jù, níbi tí ìṣàn òkúta funfun, èyí tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ń pè ní kúọ́tìsì, ti gba inú àpáta kọjá. Ibẹ̀ ni ibi ìwakùsà Sẹ̀gilọlá wà, tí iléeṣẹ́ Thor Explorations dá sílẹ̀, tí wúrà àkọ́kọ́ sì jáde níbẹ̀ ní 2021. Ìṣirò tí iléeṣẹ́ náà gbé jáde ṣáájú fi wúrà inú òkúta ibẹ̀ sí nǹkan bíi gíráàmù 4 nínú tọ́ọ̀nù kan. Gíráàmù 4 ni òrùka tẹ́ẹ́rẹ́ kan. Tọ́ọ̀nù òkúta kan, òrùka kan, èyí sì ni òkúta tó dára o! Ọ̀pọ̀ ibi ìwakùsà ńlá lágbàáyé ló ń jèrè lórí òkúta tí kò ní ju gíráàmù 1 lọ.

Ojú lásán kò lè rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Èyí tó ń dán jù nínú òkúta, páíráìtì ni lọ́pọ̀ ìgbà, irin tó bá imí-ọjọ́ lẹ̀ pọ̀, tó ń pọ́n bí idẹ. Gbé e lé orí irin kí o fi òòlù lù ú: páíráìtì á fọ́ túútúú, wúrà á kàn tẹ́ pẹrẹsẹ ni. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má tìtorí èyí da páíráìtì nù, nítorí wúrà tó kéré ju ohun tí ojú lè rí a máa fi inú rẹ̀ ṣelé.

Àyẹ̀wò ló kù. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé inú yàrá àyẹ̀wò ni àyẹ̀wò ti ń bẹ̀rẹ̀, níbi tí iná àti ásíìdì wà. Ibi tí a ti gé òkúta ló ti ń bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ló sì ti ń bàjẹ́ jù. Ọwọ́ ọmọ aráyé fẹ́ràn ohun tó rẹwà. Rán ẹnikẹ́ni lọ bu òkúta wá lórí òkìtì, èyí tó funfun, tó dógùn-ún díẹ̀, tó ń kọ yẹ̀rì ni yóò kó sápò. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni irú òkúta àṣàyàn bẹ́ẹ̀ lè dáhùn: ṣé wúrà tilẹ̀ wà ládùúgbò yìí? Kò lè sọ iye tó wà. Ẹni tó bá wá ń fi èsì rẹ̀ wá olówó tí yóò bá a dáwó, yálà kò mọ iṣẹ́ ni o, tàbí ó mọ̀ ọ́n jù.

Ohun tó yẹ ni pé kí a kọ́kọ́ ha ojú àpáta náà mọ́, kí èyí tí òjò àti oòrùn ti jẹ kúrò níbẹ̀. A ó tẹ́ tapólì sílẹ̀, a ó sì fi òòlù àti ṣísẹ́lì gé poro kan tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 10, tó jìn tó 5, tó dábùú ìṣàn náà láti etí kan dé èkejì. Dábùú ni mo wí. Ẹni tó bá ń gé poro tọ ìṣàn lọ ní gígùn, ibi tó wù ú ló ń tọ̀ lọ. Poro náà kò sì gbọdọ̀ fẹ̀ níhìn-ín kó fún lọ́hùn-ún, nítorí ibi tó rọ̀ nínú òkúta a máa ya lulẹ̀ wìrìwìrì nígbà tí ibi tó le á máa bá òòlù jà. Bí wúrà bá wà níbi tó rọ̀, àpò yóò sọ pé ó pọ̀ ju bó ṣe wà lọ. Bó bá jẹ́ inú èyí tó le ló wà, àpò yóò bù ú kù. Òwe wa yí padà níbí: ẹni tó ń gé poro gbọ́dọ̀ wo ẹnu àáké, kó tilẹ̀ wò ó dáadáa, kó sì nù ún mọ́ kó tó gbé e lọ sí poro mìíràn.

Ìṣàn funfun ní àpò tirẹ̀, òkúta ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ náà ní tirẹ̀, a ó sì kọ fífẹ̀ kálukú wọn sílẹ̀. Ìṣirò tó tẹ̀ lé e ti da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú. Ká ní ìṣàn fẹ̀ ní mítà 0.3, tí èsì rẹ̀ sì jẹ́ gíráàmù 20 nínú tọ́ọ̀nù. Ká ní òkúta ẹ̀gbẹ́ fẹ̀ ní mítà 0.9, tí tirẹ̀ jẹ́ gíráàmù 1. Ẹni tó bá ro 20 pọ̀ mọ́ 1 tó pín in sí méjì á máa pariwo 10.5. A gbọ́dọ̀ fi fífẹ̀ sọ èsì di púpọ̀ ná: 0.3 lọ́nà 20 jẹ́ 6, 0.9 lọ́nà 1 jẹ́ 0.9, àpapọ̀ wọn, 6.9, tí a pín pẹ̀lú mítà 1.2, jẹ́ 5.75. Kí ló dé tí a fi ń ka òkúta ẹ̀gbẹ́ mọ́ ọn? Nítorí pé kò sí èèyàn tàbí ẹ̀rọ tó lè ṣiṣẹ́ nínú ihò tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju mítà 0.3 lọ. Ohun tí a bá wà la máa lọ̀.

Bí ibi tí a fẹ́ mọ̀ bá jìn, ẹ̀rọ ìgbẹ́lẹ̀ ni yóò fa òkúta náà yọ bí ọ̀pá. Wọ́n á fi ayùn là á sí méjì lóòró, ìlàjì kan á lọ sí yàrá àyẹ̀wò, èkejì á wà nínú àpótí fún ọjọ́ iwájú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìlàjì inú àpótí yẹn sọ́kàn.

Bí àpò bá dé yàrá àyẹ̀wò, wọ́n á fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, wọ́n á pín in, wọ́n á lọ díẹ̀ nínú rẹ̀ kúnná bí ìyẹ̀fun. Nínú àpò kìlógíráàmù 3, gíráàmù 30 péré ló sábà máa ń dénú iná, ìdá kan nínú 100. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti le. Hóró wúrà kan tó ṣe roboto, tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 1, wọ̀n tó mìlígíráàmù 10, nítorí wúrà wúwo ju omi lọ ní ìlọ́po 19. Nínú òkúta gíráàmù 4 sí tọ́ọ̀nù, gíráàmù 30 yẹ kó ní mìlígíráàmù 0.12. Ẹ ṣírò rẹ̀: hóró kan yẹn ti kó wúrà tó tọ́ sí ìbù gíráàmù 30 bíi 84 sára. Bó bá bọ́ sínú ìbù kan, èsì yóò jáde ju gíráàmù 330 nínú tọ́ọ̀nù lọ, onílẹ̀ á pa màlúù. Ìbù 83 tó kù á wí pé kò sí nǹkan kan. Ìkòkò ọbẹ̀ ńlá tó ní ẹran mẹ́ta péré ni: ẹni tí ẹran bá bọ́ sí àwo rẹ̀ á búra pé ẹran ló kún ìkòkò.

Pierre Gy, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló gbé ọ̀rọ̀ yìí ka orí ìṣirò láti àwọn ọdún 1950. Ohun tó fi hàn kò dùn létí ẹni tó ń sanwó ọkọ̀: bí fífẹ̀ hóró bá di ìlọ́po méjì, ìwọ̀n òkúta tí a ní láti mú di ìlọ́po mẹ́jọ. Níbi tí wúrà bá ti ní hóró ńláńlá, àwọn tó mọ iṣẹ́ a máa fi asẹ́ sẹ́ odidi kìlógíráàmù kan, wọ́n á sun gbogbo ohun tó kù lórí asẹ́ láìku ẹyọ, wọ́n á bu èyí tó kọjá lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á sì ro wọ́n pọ̀.

Iná tí wọ́n fi ń ṣe àyẹ̀wò náà ti pẹ́ láyé. Georgius Agricola ti to púpọ̀ nínú ètò rẹ̀ sínú ìwé ní 1556, kò sì tíì sí ohun tó lé e kúrò nípò. Wọ́n á po gíráàmù 30 náà mọ́ ìyẹ̀fun òjé, èyí tí òjé ti bá afẹ́fẹ́ ọ́síjìn lẹ̀ pọ̀, mọ́ sódà àti bórákísì, àti ìyẹ̀fun àlìkámà díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, ìyẹ̀fun tí à ń fi ṣe búrẹ́dì. Nínú ìkòkò amọ̀, nínú iná tó gbóná tó 1,000 sí 1,100 lórí ìdíwọ̀n Celsius, kábọ́ọ̀nù inú ìyẹ̀fun àlìkámà á já ọ́síjìn gbà lọ́wọ́ òjé, òjé á padà di ẹ̀kán irin yíyọ́ wínníwínní. Bí àwọn ẹ̀kán yìí ti ń rọ̀ wálẹ̀ nínú òkúta tó ti yọ́ ni wọ́n ń kó wúrà àti fàdákà tí wọ́n bá pàdé lọ́nà. Wọ́n á dà á sínú ìdàsí irin kó tutù. Òjé á wà nísàlẹ̀, òkúta tó ti di bíi gíláàsì á wà lókè, òòlù á sì gbọ̀n ọ́n dànù.

Apá tó wù mí jù ló kàn. Wọ́n á gbé òjé náà lé inú àwo kékeré tí wọ́n fi eérú egungun mọ, wọ́n á tún tì í sínú iná. Òjé á tún bá ọ́síjìn pọ̀, eérú egungun á sì máa fà á mu títí yóò fi tán. Wúrà àti fàdákà kì í bá ọ́síjìn ṣe, eérú kò sì rí wọn fà. Bí òjé ìkẹyìn ti ń lọ, hóró tó kù á kọ mànà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ásíìdì náítíríìkì ni yóò jẹ fàdákà kúrò lára rẹ̀. Bí fàdákà kò bá sì tó ìlọ́po mẹ́ta wúrà, wọ́n ní láti fi kún un, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wúrà á bo fàdákà mọ́ra, ásíìdì ò ní ríbi wọlé. Láyé àtijọ́ wọ́n á wá gbé hóró wúrà náà sórí ìwọ̀n. Púpọ̀ nínú àwọn yàrá àyẹ̀wò òde òní kì í wọ̀n ọ́n mọ́, wọ́n á tú u sínú ásíìdì kí ẹ̀rọ ka iye rẹ̀.

Òjé kì í ṣe ohun eré. Ní Zamfara ní 2010, òkúta wúrà tí wọ́n ń lọ̀ láàárín agbo ilé ní òjé nínú gan-an, ó sì pa ọmọdé tó lé ní 400. Àwọn òbí wọn ń wá wúrà; kò sẹ́ni tó bi òkúta náà léèrè ohun mìíràn tó gbé dání.

Ẹni tó mọ iṣẹ́ kì í fi àpò ránṣẹ́ kó lọ sùn. Á ki àpò òkúta tó mọ̀ pé kò ní wúrà rárá bọ àárín wọn, á ki èyí tí wọ́n ti jẹ́rìí sí iye wúrà rẹ̀ bọ̀ ọ́, á sì fi nọ́ńbà tuntun sí lára àpò kan náà kó tún un rán. Bí àpò òfo bá mú wúrà bọ̀, ẹ̀rọ ìlọta ni wọn kò fọ̀, tàbí kí ọ̀rọ̀ náà burú jù bẹ́ẹ̀.

Bó ṣe lè burú tó hàn ní Busang, nínú igbó Borneo ní Indonesia. Láti 1993 ni Bre-X, iléeṣẹ́ kékeré kan láti Calgary ní Kánádà, ti ń gbẹ́lẹ̀ níbẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1997, wọ́n ń sọ pé wúrà ibẹ̀ tó nǹkan bí áúnsì mílíọ̀nù 71, ìpín iléeṣẹ́ náà sì ti tó bílíọ̀nù 6 dọ́là Kánádà lọ́jà. Iléeṣẹ́ Freeport-McMoRan tó fẹ́ bá wọn dòwò pọ̀ gbẹ́ ihò tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò Bre-X, kò sì rí wúrà tó ṣe é sọ. Michael de Guzman, onímọ̀ ilẹ̀ tó wà nídìí iṣẹ́ náà, já bọ́ láti inú hẹlikópítà ní ọjọ́ 19 oṣù kẹta ọdún náà. Ní oṣù karùn-ún, ìròyìn Strathcona, àwọn ayẹ̀wò tí wọ́n pè wá, tú àṣírí: wọ́n ti ń bu wúrà sínú àwọn àpò kí wọ́n tó dé yàrá àyẹ̀wò. Hóró wúrà inú wọn rí roboto bíi ti wúrà odò.

Yàrá àyẹ̀wò kò ṣi iṣẹ́ ṣe o. Ohun tó wà nínú àpò ni wọ́n yẹ̀ wò, wọ́n sì rí i. Ìlàjì ọ̀pá òkúta tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn ló sọnù: Bre-X ń fọ́ odidi ọ̀pá ni, wọ́n sì ní nítorí pé hóró wúrà ibẹ̀ tóbi, àfi kí àwọn mú òkúta púpọ̀. Ìmọ̀ gidi ni wọ́n fi bo èké. Bí àpótí kò bá ti ní nǹkan kan nínú, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè padà lọ là wò.

Òfin tí Kánádà gbé kalẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2001, òun náà ló sì de Sẹ̀gilọlá, nítorí pé ọjà ìpín Kánádà ni Thor Explorations ti ń ta ìpín. Ìròyìn òkúta Ìjẹ̀ṣà tó bá jáde lábẹ́ òfin náà gbọ́dọ̀ ní orúkọ onímọ̀ tó fọwọ́ sí i. Onítọ̀hún gbọ́dọ̀ sọ ìgbà tí òun fúnra òun dé orí ilẹ̀ náà, bí wọ́n ṣe gé òkúta àyẹ̀wò àti bí wọ́n ṣe ṣọ́ ọ dé yàrá àyẹ̀wò, àti bí òun ṣe yẹ àwọn èsì náà wò kí òun tó gbà wọ́n gbọ́.