BigBand Networks: Láti Dọ́là 13 sí Dọ́là 2.24

Bí ọ̀rọ̀ fídíò orí íntánẹ́ẹ̀tì bá délẹ̀, YouTube àti Netflix ni gbogbo ẹnu ń dárúkọ. Ìwọ̀nba ènìyàn ló mọ BigBand Networks. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ilé-iṣẹ́ yìí wà lára àwọn tó yanjú ìṣòro ńlá kan fún àwọn oníkébù Amẹ́ríkà, ìyẹn àwọn tó ń fi okùn gbé amóhùnmáwòrán wọ inú ilé oníbàárà. Ìtàn rẹ̀ kò ju nǹkan bí ọdún 13 lọ, àmọ́ ó kọ́ni lọ́gbọ́n.

Ọdún 1998 ni Amir Bassan-Eskenazi àti Ran Oz dá a sílẹ̀. Olú ilé-iṣẹ́ náà wà ní Redwood City ní ìpínlẹ̀ California, ṣùgbọ́n ó ní àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ní Tel Aviv, ní orílẹ̀-èdè Ísírẹ́lì, pẹ̀lú. Ẹ̀rọ tó ń darí fídíò nínú okùn ni wọ́n ń ṣe. Kì í ṣe ará ìlú ló ń rà á lọ́wọ́ wọn. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá bíi Time Warner Cable, Comcast, Cox àti Verizon ni oníbàárà wọn.

Kí wá ni ìṣòro tí à ń wí? Okùn kébù ní ìwọ̀n ohun tó lè gbé. Láyé ìgbà náà, gbogbo ìkànnì ni wọ́n ń tì sínú okùn lẹ́ẹ̀kan náà, yálà ẹnì kan ń wò ó tàbí kò sẹ́ni tó ń wò ó. Ìkànnì tí ẹyọ ènìyàn kan kò wò lóru ń gba àyè bíi ti ìròyìn tí gbogbo àdúgbò jókòó tì. Àwòrán HD wá dé, ó sì dá kún un: àyè tó ń gba ìkànnì lásán mẹ́wàá, ìkànnì HD méjì tàbí mẹ́ta péré ló lè gbà. Lọ́dún 2007, DirecTV tó ń lo sátẹ́láìtì kéde pé òun fẹ́ gbé ìkànnì HD tó 100 jáde. Ọkàn àwọn oníkébù kò balẹ̀ mọ́.

Ọgbọ́n tí BigBand mú wá ni wọ́n ń pè ní switched digital video. Ó jọ ti ìyá alákàrà tó ń dúró kí oníbàárà dé kó tó da ẹ̀wà sínú epo. Bí o bá yí sí ìkànnì kan, àpótí tó wà nídìí tẹlifíṣọ̀n rẹ á ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ wọn, ẹ̀rọ náà á sì gbé ìkànnì yẹn sínú okùn àdúgbò rẹ. Bí aládùúgbò rẹ bá fẹ́ wo ìkànnì kan náà, tìrẹ náà ló máa bá ọ wò. Tí kò bá sẹ́ni tó ń wò ó mọ́, wọ́n á yọ ọ́, òmíràn á sì gba àyè rẹ̀.

Ní oṣù Kẹta ọdún 2007, BigBand wọ ọjà ìpín ìdókòwò NASDAQ, ó ta ìpín kan ní dọ́là 13. Ṣùgbọ́n ayọ̀ yẹn kò tọ́jọ́. Kí ọdún náà tó parí, ó kéde pé òun ń pa ẹ̀ka tó ń ṣe ẹ̀rọ íntánẹ́ẹ̀tì fún kébù tì, ẹ̀ka tó rà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ADC lọ́dún 2004. Iye ìpín já wálẹ̀, àwọn kan tó ra ìpín sì gbé e lọ sí ilé-ẹjọ́.

Ohun tó dùn wá jù nínú ìtàn yìí ni pé ọgbọ́n náà kò ní àbùkù tó bẹ́ẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni pé ọwọ́ oníbàárà mélòó kan ni púpọ̀ nínú owó ilé-iṣẹ́ náà ti ń wá. Bí ọ̀kan bá dá ọwọ́ dúró, ebi dé. Comcast, tó tóbi jù nínú wọn, gba ọ̀nà mìíràn: ó ń yọ àwọn ìkànnì ayé àtijọ́, tí wọ́n ń pè ní analog, kúrò nínú okùn kí àyè lè ṣí sílẹ̀. Lọ́dún 2007 kan náà, Netflix bẹ̀rẹ̀ sí í gbé fíìmù gba orí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2011, ilé-iṣẹ́ Arris gbà láti ra BigBand ní dọ́là 2.24 fún ìpín kan. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 172 dọ́là. Tí a bá sì yọ owó tó wà lápò BigBand fúnra rẹ̀ kúrò, nǹkan bíi mílíọ̀nù 53 ló kù. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni wọ́n parí rẹ̀. Ẹni tó ra ìpín ní dọ́là 13 tí kò tà á kò rí ìdá kan nínú márùn-ún owó rẹ̀ gbà padà. Nígbà tó di ọdún 2019, CommScope ra Arris náà.

Lónìí, fídíò tí a bá tẹ̀ nìkan ló ń wá sórí fóònù wa. A kò sọ pé BigBand ló bí ìyẹn o, àmọ́ ìrònú kan náà ni: ohun tí ènìyàn bá béèrè ni kí a gbé fún un. Àwọn àgbà ní bí onírèsé bá kọ̀ tí kò fíngbá mọ́, èyí tó ti fín sílẹ̀ kò lè parun. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí onírèsé tó ń fíngbá lọ́wọ́ má gbàgbé láti ka iye ẹni tó ń ra igbá lọ́wọ́ rẹ̀.