Bósónì: Ìtàn Orúkọ Kan Nínú Ìmọ̀ Físíìsì

Ọ̀wọ́ méjì ni àwọn onímọ̀ físíìsì pín èérún ìpìlẹ̀ gbogbo nǹkan sí: fẹ́míónì àti bósónì. Fẹ́míónì méjì kì í jọ wà ní ipò kan náà. Irú wọn ni ẹlẹ́kítírónì. Bósónì ní tirẹ̀, irú bíi fótónì tí í ṣe èérún ìmọ́lẹ̀, lè kóra jọ sí ipò kan ṣoṣo láìníye.

Paul Dirac, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó sọ ọ̀wọ́ méjèèjì lórúkọ nínú àsọyé kan ní Paríìsì ní ọdún 1945. Ó fa fẹ́míónì yọ láti ara orúkọ Enrico Fermi, ará Ítálì, ó sì fa bósónì yọ láti ara orúkọ Satyendra Nath Bose, ará Íńdíà. Ìparí "-on" tí ó fi kún wọn bá ti "electron" mu, ọ̀rọ̀ tí George Johnstone Stoney mú wọlé ní 1891.

Ní Calcutta ni wọ́n bí Bose ní 1894, nígbà tí Íńdíà wà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1924, nígbà tí ó ń kọ́ni ní Yunifásítì Dhaka, ó kọ àpilẹ̀kọ kúkúrú kan lórí bí ó ṣe yẹ kí a máa ka èérún ìmọ́lẹ̀. Ọ̀nà rẹ̀ dà bí ìṣirò ọmọ ayò: iye tí ó wà nínú ihò ọpọ́n kọ̀ọ̀kan ni a ń wò, a kì í béèrè ọmọ ayò tí ó jẹ́. Ó fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí Albert Einstein, ẹni tí ó túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Jámánì, tí ó sì jẹ́ kí a tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún kan náà.

Bose kú ní 1974 láìgba ẹ̀bùn Nobel. Nígbà tí àjọ CERN kéde ní ọjọ́ 4 oṣù Keje ọdún 2012 pé a ti rí bósónì Higgs, orúkọ Higgs ni aráyé gbé kiri; ọ̀pọ̀ kò mọ̀ pé orúkọ ènìyàn ni ó wà nínú ọ̀rọ̀ kejì pẹ̀lú, nítorí lẹ́tà kékeré ni a fi ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, Peter Higgs àti François Englert gba ẹ̀bùn Nobel.

Ohun mìíràn tí ó yẹ kí a rántí nípa Bose ni ẹgbẹ́ Bangiya Bijnan Parishad tí ó dá sílẹ̀ ní Calcutta ní 1948, kí a lè máa fi èdè Bengali kọ́ni ní ìmọ̀ ìjìnlẹ̀. Ọkùnrin tí orúkọ rẹ̀ wọ inú èdè gbogbo ayé kò fọwọ́ rọ́ èdè ìyá rẹ̀ sẹ́yìn.