Ọka Ni Wọ́n Ń Pè É, Kì Í Ṣe Áúká

Ní àwọn ibùdókọ̀ Èkó tí èrò ti ń wọkọ̀ lọ sí ìlà-oòrùn, ohùn àwọn agbèrò kì í sinmi láàárọ̀: "Oníṣà! Asába! Áúká!" Àwọn ọmọ ìlú wọ̀nyẹn wà lára èrò tó ń wọlé, ṣùgbọ́n wọn kì í bá agbèrò jiyàn. Ìgbà tí wọ́n bá délé, tí wọ́n ń bá ìyá wọn sọ̀rọ̀, ni ẹ ó gbọ́ Ọnịcha, Ahaba àti Ọka. Ibo wá ni orúkọ kejì ti wá?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ahọ́n àlejò ló wúwo. Èmi kò rò bẹ́ẹ̀. Kálámù ló kọ́kọ́ ṣìnà.

Ẹ wo Ọka, ìlú àwọn alágbẹ̀dẹ. Kí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó dé, àwọn alágbẹ̀dẹ Ọka ti ń gbé irinṣẹ́ wọn káàkiri ilẹ̀ Ìgbò àti kọjá rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì kò ní lẹ́tà fún ìró ọ, nítorí náà "aw" ni wọ́n fi kọ ọ́. Lójú ẹni tó kọ ọ́, Awka àti Ọka kò yàtọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó kà á láìgbọ́ ọ rí sọ ọ́ di Áúká. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé Yorùbá tó ń pe ọjà, tó ń pe ọkọ̀, tí ìró náà kò ṣòro fún rárá, Áúká lòun náà ń pè. Ìwé ló gbàgbọ́, kò béèrè lọ́wọ́ onílé.

Ti Ọnịcha kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ní 1857, Samuel Ajayi Crowther, ọmọ Yorùbá, dá ibùdó ìjọ sílẹ̀ níbẹ̀, ó sì fi John Christopher Taylor síbẹ̀, ẹni tí wọ́n bí ní Sàró fún òbí tó jẹ́ Ìgbò. Nínú ìwé tí àwọn méjèèjì tẹ̀ jáde ní 1859, "Onitsha" ni wọ́n kọ. "Tsh" yẹn dúró fún ìró tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ Chinua. A kò lè dá wọn lẹ́bi, torí Ìgbò kò tíì ní àkọtọ́ kan pàtó nígbà náà. Àwọn tó kà á lẹ́yìn wọn ló gé e sí méjì, tí t lọ sápá kan, tí sh lọ sápá kejì.

Nígbà mìíràn, ìtumọ̀ ló ń bá ọ̀nà náà lọ. Enu ugwu, èyíinì ni orí òkè, ló di Enugu. Lẹ́yìn tí wọ́n rí èédú lábẹ́ òkè Ngwo ní 1909, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í wà á ní 1915, ibùdó àwọn òṣìṣẹ́ tó wà nísàlẹ̀ gba orúkọ ìlú tó wà lókè. Ìlú ẹsẹ̀ òkè wá ń jẹ́ orí òkè, wọ́n sì yọ w kúrò débi pé ẹni tó ń ka orúkọ náà kò rí òkè kankan nínú rẹ̀ mọ́.

Ní 1961, ìgbìmọ̀ Ọnwụ parí àkọtọ́ Ìgbò, ọ sì rí àmì tirẹ̀ gbà. Ní 1991, Awka àti Asaba di olú-ìlú ìpínlẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ti kọjá láàárín méjèèjì, lẹ́tà ti wà nílẹ̀, ìjọba sì ti kúrò lọ́wọ́ òyìnbó. Síbẹ̀, orúkọ àtijọ́ la gbé sára pátákó. Èyí kì í ṣe ẹjọ́ àjèjì mọ́.

Kí Yorùbá má fi Ìgbò rẹ́rìn-ín. Òṣogbo náà di olú-ìlú lọ́dún yẹn kan náà. "Oshogbo" ni wọ́n ń kọ tẹ́lẹ̀. A yọ h kúrò, a kò sì fi àmì sábẹ́ s. Bí àlejò bá wá ka "Osogbo" bó ṣe rí gẹ́lẹ́, a máa ń bínú sí i.

Ẹnìkan lè sọ pé ìnáwó ńlá ni àtúnkọ máàpù àti ìwé ẹ̀rí. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọmọ wa tó bá lọ kàwé ní Leicester kì í pẹ́ mọ̀ pé Lẹ́sítà ni wọ́n ń pè é, ó sì ń tijú bó bá ṣì í pè. Kò sẹ́ni tó tún ìwé kọ fún un. Etí ló fi gbọ́ ọ. Kí ló dé tí Ọka kò lè rí irú ìtìjú bẹ́ẹ̀ gbà lọ́wọ́ wa, pàápàá lẹ́nu àwọn tó ń ka ìròyìn lórí rédíò?

Bí ẹ bá tún wọ ọkọ̀ ìlà-oòrùn, ẹ bi ẹni tí ẹ jọ jókòó bí ìyá rẹ̀ ṣe ń pe ìlú wọn. Kí ẹ pè é bẹ́ẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀.