Àpérò Akẹ́kọ̀ọ́ Tó Ṣáájú Ti Atlanta

Ní oṣù Keje 1988, ẹgbẹ́ òṣèlú Democratic kóra jọ sí gbọ̀ngàn Omni ní Atlanta, wọ́n fa Michael Dukakis kalẹ̀ fún ipò ààrẹ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Washington and Lee, ní Virginia, ti dárúkọ rẹ̀ ṣáájú, níbi àpérò ìdánrawò tí wọ́n ti ń sọ tẹ́lẹ̀ ẹni tí ẹgbẹ́ òṣèlú yóò fà kalẹ̀.

Láti 1908 ni wọ́n ti ń ṣe àpérò ìdánrawò yìí. Kì í ṣe eré ọmọdé rárá! Wọn á pín ara wọn sí ìpínlẹ̀-ìpínlẹ̀, wọn á wádìí lẹ́nu àwọn olóṣèlú ibẹ̀. Lọ́jọ́ ìdìbò, bí wọ́n bá pe ìpínlẹ̀ kan, aṣojú rẹ̀ á dìde, á kéde iye ìbò rẹ̀.

Wọ́n tàsé ní 1972: Edward Kennedy ni wọ́n mú, George McGovern ni ẹgbẹ́ fà kalẹ̀. Ní 1976, Jimmy Carter ni wọ́n mú, ọkùnrin tó ti ṣe gómìnà Georgia ní Atlanta, ó sì rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.