Ta Ló Gbé Omi fún Àlejò? Takọtabo nínú Ìrìn-àjò Ìgbàgbọ́ ní Ìkòtún

Kí wòlíì T.B. Joshua tó kú ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún 2021, ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ nínú dánfó ní Ìkòtún, nílùú Èkó, lọ́jọ́ Sátidé kò ní bi ẹnikẹ́ni léèrè ibi tí ayé ń rọ́ lọ. Èrò South Africa, èrò Ghana, òyìnbó tí oòrùn ti pa lójú, gbogbo wọn ń fa báàgì lọ, wọ́n ń wá ìjọ rẹ̀, Synagogue Church of All Nations. Ará àdúgbò kò pè wọ́n ní arìnrìn-àjò afẹ́. Àlejò ni wọ́n ń pè wọ́n. Ìpè yẹn sì ní ìtumọ̀, torí nílé Yorùbá, bí àlejò bá ti wọlé, obìnrin ni wọ́n máa kọ́kọ́ ké sí pé kó wá gbé omi.

Àwọn onímọ̀ ìrìn-àjò afẹ́ pẹ́ kí wọ́n tó rí obìnrin tó ń gbé omi yìí. Lọ́dún 1989, Cynthia Enloe, ọmọ Amẹ́ríkà, mú ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin tó ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún àlejò wọnú ìwé rẹ̀, Bananas, Beaches and Bases. Ní 1995, Deborah Pruitt àti Suzanne LaFont kọ̀wé lórí àwọn obìnrin ilẹ̀ òkèèrè tó ń lọ sí Jamaica, tí wọ́n ń bá ọ̀dọ́kùnrin ibẹ̀ yan ọ̀rẹ́. Irú rẹ̀ pọ̀ létíkun Gambia náà. Iṣẹ́ gidi ni wọ́n ṣe, àmọ́ etíkun ti gba ojú àwọn onímọ̀ jù. Ohun tí àlejò ń fẹ́ lára onílé ni wọ́n ń wádìí. Ní Ìkòtún, ara tirẹ̀ ni àlejò gbé wá: obìnrin tí kò rọ́mọ bí, oyún tó ń bàjẹ́, ìgbéyàwó tó fẹ́ tú, ọkùnrin tí ìtìjú kò jẹ́ kó lè sọ ohun tó ń ṣe é. Ara ni ẹrù ìrìn-àjò náà.

Irú ìrìn-àjò yìí kò bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ oníjọ. Obìnrin tó ń wá ọmọ ti ń lọ sódò Ọ̀ṣun kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ tẹlifíṣọ̀n. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí UNESCO fi sínú àkọsílẹ̀ ogún àgbáyé lọ́dún 2005, ń gba àlejò nínú oṣù Kẹjọ ọdọọdún. Orí Arugbá, ọmọbìnrin tí kò tíì mọ ọkùnrin, ni igbá ọdún ń gúnlẹ̀ sí. Àwọn tó ń ya fọ́tò rẹ̀ kì í sábà ronú pé ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ ọmọ náà ni gbogbo ìlú ń fojú wọ̀n.

Ní ti Ìkòtún, àlejò mú owó wọlé. Onílé pín pálọ̀ sí méjì, ó tẹ́ fóòmù sílẹ̀, ilé di ibùwọ̀. Irú ilé bẹ́ẹ̀ kì í ní pátákó. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ìyàwó ilé ti to bọ́kẹ́ẹ̀tì sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, omi ìwẹ̀ ti wà lórí iná. Kí àlejò tó wọṣọ tán, ògì ti ki, àkàrà ti ń hó nínú epo. Bí owó bá dé, ọkọ ni onílé, òun ló ń gbà á. Ìròyìn tí àjọ ìrìn-àjò afẹ́ lágbàáyé gbé jáde ní 2019 sọ pé obìnrin ni ìdá 54 nínú ọgọ́rùn-ún òṣìṣẹ́ ẹ̀ka náà, owó wọn sì fi ìdá 14.7 nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí ti ọkùnrin. Ìyàwó tó ń bomi kaná ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kò sí nínú ìṣirò owó oṣù, torí kò sẹ́ni tó ń san oṣù fún un.

Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí, nínú ìwé tó tẹ̀ jáde lọ́dún 1997, ní kí òyìnbó tó dé, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni Yorùbá fi ń to ènìyàn, kì í ṣe akọ àti abo. Ó tọ́ka sí èdè wa: "ó" kan náà ni a ń lò fún ọkùnrin àti obìnrin. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ní ilé tí kò ní pátákó yìí, "ó" ló se ògì, "ó" náà ló sì gba owó, kì í sì í ṣe ẹnì kan náà.

Ìgbàlejò yìí ní ewu tirẹ̀. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2014, ilé alájà púpọ̀ tí ìjọ ń fi àlejò wọ̀ sí wó. Ènìyàn 116 ló kú, àwọn tó lé ní 80 nínú wọn sì ti South Africa wá.

Ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀ gba ọ̀nà mìíràn wọlé. Ní oṣù Kìíní ọdún yẹn kan náà, Ààrẹ Goodluck Jonathan buwọ́ lu òfin tó fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 sórí ìgbéyàwó ọkùnrin sí ọkùnrin tàbí obìnrin sí obìnrin. Ohun tí òfin kà sí ẹ̀ṣẹ̀, pẹpẹ kà á sí ẹ̀mí tí wọ́n lè lé jáde. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2021, lẹ́yìn tí àjọ openDemocracy fi fídíò àdúrà tí wọ́n fi ń lé irú ẹ̀mí bẹ́ẹ̀ jáde sùn, YouTube ti ìkànnì Emmanuel TV, ti ìjọ náà, pa, ìkànnì tí ènìyàn bíi mílíọ̀nù 1.8 ń tẹ̀ lé. Ìjọ ní ìkánjú ló wà nínú ìpinnu náà. Ohun tó yẹ kí onímọ̀ ìrìn-àjò afẹ́ dúró lé níbí ni pé fídíò náà ni ìpolówó: ẹni tó wo bí wọ́n ṣe ń gbàdúrà fún ara ẹlòmíràn ló ń ra tíkẹ́ẹ̀tì láti gbé ara tirẹ̀ wá.

Ní oṣù Kìíní ọdún 2024, BBC gbé fíìmù jáde. Nínú rẹ̀, àwọn tó ti jẹ́ ọmọ-ẹ̀yìn nínú ọgbà ìjọ náà, tó fi mọ́ àwọn ọmọ Britain, fẹ̀sùn ìfipábánilòpọ̀ àti oyún ṣíṣẹ́ lọ́ranyàn kan olóògbé T.B. Joshua. Ìjọ sẹ́, wọ́n ní kò sí èyí tí ẹnikẹ́ni ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ rí, olóògbé fúnra rẹ̀ kò sì sí láyé mọ́ láti fèsì. Ẹjọ́ náà kọjá agbára àpilẹ̀kọ yìí. Síbẹ̀, ó fi ihò kan hàn nínú ìwé àwọn onímọ̀: wọ́n pín ènìyàn sí àlejò àti onílé, wọn kò sì ní orúkọ fún ọ̀dọ́bìnrin tó wá fún ọ̀sẹ̀ kan, tó wá di ará ilé fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Evelyn Joshua, ìyàwó olóògbé, ló ń darí ìjọ náà láti ọdún 2021. Nígbà tí àlejò fà sẹ́yìn, òtẹ́ẹ̀lì tó ní pátákó rí akọ̀ròyìn ro ẹjọ́ rẹ̀ fún. Ilé tí kò ní pátákó ká fóòmù rẹ̀, ó gba ayálégbé olówó ọdún, ìyàwó ilé sì gbé ìkòkò ògì rẹ̀ jáde sí ẹ̀gbẹ́ títì.