Ẹnu ọ̀nì, ìwo àgbọ̀nrín: Bí ìbòjú Senufo àti èbúté Abidjan ṣe pàdé

Ẹnu rẹ̀ gùn bíi ti ọ̀nì, eyín inú ẹnu náà hàn gbangba bíi ti ìkookò. Eyín ìmàdò yọ síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìwo àgbọ̀nrín sì nà sẹ́yìn látorí. Láàárín ìwo méjèèjì, alágẹmọ kékeré kan àti ẹyẹ kan kojú ara wọn.

Kò sí ọdẹ tó pàdé irú ẹranko yìí rí nínú igbó. Àwọn agbẹ́gilére Senufo ní àríwá Côte d'Ivoire ló ń gbẹ́ ẹ, kponyungo sì ni orúkọ tí ọ̀pọ̀ wọn ń pè é. Lónìí, ẹni tó bá fẹ́ rí èyí tó jẹ́ ògbólógbòó nínú wọn lè tètè bá a nínú àpótí gíláàsì ní New York tàbí Paris ju kó bá a ní Korhogo, tó jẹ́ ilé rẹ̀, lọ.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe dà báyìí ní í ṣe pẹ̀lú ọdún méjì, 1950 àti 1951. Láàárín ọdún méjèèjì yìí, wọ́n ṣí ọ̀nà òkun tuntun ní Abidjan. Lásìkò kan náà, ère àti ìbòjú ń jáde kúrò nínú igbó awo lágbègbè Korhogo.

Kí ni iṣẹ́ ẹranko tí kò sí nínú igbó?

Ẹgbẹ́ Poro ló ni ìbòjú náà. Poro jẹ́ ẹgbẹ́ awo àwọn ọkùnrin Senufo. Ẹni tó bá mọ Orò tàbí Egúngún yóò tètè lóye rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kì í ṣe ohun kan náà. Sinzanga ni wọ́n ń pe igbó rẹ̀, ibẹ̀ sì ni àwọn ọ̀dọ́ ti ń kẹ́kọ̀ọ́ láti ìpele kan sí òmíràn fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Níbi ìsìnkú àgbà ni kponyungo ti ń ṣiṣẹ́ jù. Ẹni tó bá gbé e á fi aṣọ bo ara rẹ̀, á dé ìbòjú náà sórí bí ìgbà tí èèyàn dé fìlà, ẹnu gígùn yẹn á sì nà síwájú. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti rí i pé òkú kúrò láàárín àwọn alààyè ní wọ́ọ́rọ́wọ́, kó dé ọ̀dọ̀ àwọn baba ńlá, kí ohun burúkú má sì rí àyè wọlé.

Ìdí nìyí tí ẹranko kan ṣoṣo kò fi lè tó. Ẹ̀rù wà lẹ́nu ọ̀nì àti ìkookò. Ìjà wà nínú eyín ìmàdò. Ní ti alágẹmọ, kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán: ó wà lára ẹranko márùn-ún tí àwọn Senufo gbà pé wọ́n kọ́kọ́ dé ilé ayé, pẹ̀lú àkàlàmàgbò, ìjàpá, erè àti ọ̀nì. Ìbòjú tó bá gbé e sórí ń sọ pé ìmọ̀ òun ti wà láti ìṣẹ̀dálẹ̀.

Ìbòjú mìíràn wà tó jọ ọ́, wanyugo, tó ní ife kékeré lórí tí wọ́n ń kó oògùn sí. Irú èyí máa ń tu iná lẹ́nu nígbà tó bá jáde lóru. Ohun tí àwọn òyìnbó rí nìyẹn tí wọ́n fi sọ gbogbo wọn pọ̀ ní "atuná-lẹ́nu", bẹ́ẹ̀ kì í sì í ṣe gbogbo wọn ló ń tu iná. Orúkọ náà ṣì wà lára àkọlé ní àwọn mùsíọ́mù kan títí di òní.

Kò yẹ kí èyí ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá. Nínú ìtàn, Ọya ń bọ́ awọ ẹfọ̀n sílẹ̀ kó tó di obìnrin. Lára ìlù àgbá àwọn Ògbóni, wọ́n máa ń gbẹ́ ènìyàn tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì jẹ́ ẹja àrọ̀, ẹja tó lè gbé inú omi, tó sì lè rìn díẹ̀ lórí ilẹ̀.

Ní Paris, ènìyàn di ọ̀pọ̀lọ́

Ní ìparí ọ̀rúndún 19, irú àwọn ẹ̀dá aládàlú bẹ́ẹ̀ gbòde ní Yúróòpù náà. Àwọn oníṣẹ́ ọnà tí wọ́n ń pè ní Symboliste ti sú ohun tí ojú lásán ń rí. Àlá, ìbẹ̀rù àti ìfẹ́ ìkọ̀kọ̀ ni wọ́n fẹ́ gbé wọ ara.

Jean Carriès, ọmọ ilẹ̀ France tó kú ní 1894 lẹ́ni ọdún 39, mọ ère kan tó pè ní Le Grenouillard, ọkùnrin tó káwọ́ kásẹ̀ jókòó, tí ara rẹ̀ ti ń di ti ọ̀pọ̀lọ́. Ní Jámánì, Franz von Stuck mọ ère abara-ẹṣin tó fara gbọgbẹ́. Ní Belgium, Fernand Khnopff ya àwòrán obìnrin tó ní ara ẹranko bí àmọ̀tẹ́kùn ní 1896.

Ère Carriès lágbára gan-an, ṣùgbọ́n ó dá wà. Kò sí òkú tí wọ́n pè é wá sin, kò sí ìlù tó ń dúró dè é. Inú ọkàn ẹnì kan ló ti jáde. Agbẹ́gilére Senufo kò gbẹ́ àlá tirẹ̀. Àwọn àgbà Poro ló rán an níṣẹ́, àwọn ni wọ́n sì mọ ohun tí ìbòjú náà gbọ́dọ̀ lè ṣe.

Nígbà tí àwọn tó tẹ̀lé wọn, bíi Picasso ní 1907, lọ wo ère Áfíríkà ní mùsíọ́mù Trocadéro ní Paris, ojú ẹni tó ń wá ẹ̀rù àti àlá ni wọ́n fi wò ó. Lẹ́yìn wọn ni ọjà ṣí. Ohun tó kù ni bí ọjà yóò ṣe rí ẹrù.

Nígbà tí òkun wọ inú ọ̀sà

Ọ̀sà Ébrié tó yí Abidjan ká jìn, ó sì pa rọ́rọ́, ṣùgbọ́n iyanrìn tóóró kan là á nípá sí òkun. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ojú òkun ní Port-Bouët ni ọkọ̀ ńlá ń dúró sí, tí wọ́n á máa kó ẹrù lórí afárá tí wọ́n nà wọ inú omi.

Ìjọba amúnisìn France gbẹ́ ọ̀nà omi Vridi gba inú iyanrìn náà kọjá, ó gùn tó bíi kìlómítà mẹ́ta. Ogun Àgbáyé Kejì dá iṣẹ́ náà dúró, ṣùgbọ́n ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé ní 1950. Ní oṣù Kejì 1951, François Mitterrand, mínísítà nígbà náà, wá ṣí èbúté náà.

Ojú irin ti wà nílẹ̀. Ó gba Ferkessédougou, tí kò jìnnà sí Korhogo, ó sì ti dé Bobo-Dioulasso láti 1934. Ẹrù tó bá wọ ọkọ̀ ojú irin ní àríwá, Abidjan ló ń já sí.

Ní àríwá, ohun mìíràn ń lọ lọ́wọ́. Láti agbègbè San ní Mali ni ẹ̀sìn tuntun kan, Massa, ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ogun, M'Peni Dembele sì ni olórí rẹ̀. Massa ṣèlérí ààbò lọ́wọ́ àjẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbà á gbọ́dọ̀ kọ òrìṣà àtijọ́ sílẹ̀. Nígbà tó dé agbègbè Korhogo ní nǹkan bíi 1950 sí 1951, àwọn abúlé kan kó ère jáde kúrò nínú igbó.

Gabriel Clamens, àlùfáà Kátólíìkì, kó díẹ̀ nínú wọn jọ. Emil Storrer, oníṣòwò láti Zurich, ra ti ẹ̀. Kó tó di 1963, ère Senufo ti pọ̀ lókè òkun débi pé Museum of Primitive Art ní New York lè fi wọ́n ṣe àfihàn ńlá.

Fún ìgbà pípẹ́, ṣókí ni wọ́n ń sọ ìtàn náà: Massa dé, àwọn Senufo da ère wọn nù, àwọn òyìnbó gbà wọ́n là. Onímọ̀ ìtàn iṣẹ́ ọnà Susan Gagliardi, tó kọ ìwé tó bá àfihàn Senufo ní Cleveland ní 2015 rìn, wà lára àwọn tó ti béèrè bóyá ọ̀rọ̀ náà rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè yẹn wúwo. Bí èèyàn bá da nǹkan nù, kò sẹ́ni tó jẹ ẹ́ ní gbèsè láti dá a padà. Bó bá jẹ́ pé owó ló fà á jáde, tàbí pé ẹni tó tà á kọ́ ló ni ín, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Poro kò sì kú. Ó ṣì ń sin òkú ní àríwá Côte d'Ivoire.

Ta ló máa dá ògbólógbòó mọ̀?

Orí nìkan ló rìnrìn àjò. Aṣọ, ìlù, orin àti ohun tó wà nínú ife kò bá a lọ.

Côte d'Ivoire ṣe òfin láti dáàbò bo ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní 1987, ó sì tẹ́wọ́ gba àdéhùn UNESCO lórí ọ̀rọ̀ náà ní 1990. Síbẹ̀, nígbà rògbòdìyàn tó tẹ̀lé ìbò ààrẹ, ní 2011, àwọn olè kó bíi 120 ohun ìṣẹ̀ǹbáyé lọ ní Musée des Civilisations ní Abidjan.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé kponyungo tuntun pọ̀ lọ́jà. Àwọn agbẹ́gilére ní Korhogo ń gbẹ́ ẹ tà fún àlejò, kò sì sí òfin tó lòdì sí i. Àwọn kan ń fi èéfín àti erùpẹ̀ sọ ọ́ di arúgbó. Nínú kọ̀ntéńà kan náà, tuntun àti ògbólógbòó lè jókòó ti ara wọn, kí ìwo àti eyín wọn sì dọ́gba.

Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kì í kọ́kọ́ wo ojú rẹ̀. Ó máa ń yí i padà ni, á wo inú, níbi tí orí èèyàn ti ń fara kan igi, bóyá òógùn ti mú un dán.