Orí Ni Wọ́n Kà, Wọn Ò Ka Èrè: Iṣẹ́ Inú Ilé àti Owó-Orí ní Ilẹ̀ Yorùbá

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ wa àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti gboyè jáde, ìbéèrè kan ló bí àròkọ yìí. Bí ẹnì kan bá ń sin ẹja aláràbarà sínú àpótí dígí nínú yàrá rẹ̀, tó kọ́kọ́ ń ṣe é fún ìgbádùn ojú, tí ẹja náà wá ń pọ̀ sí i, tí àwọn èèyàn wá ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀, ṣé ìjọba ní ìpín níbẹ̀? Àríyànjiyàn yìí wáyé láàrin wa, àwọn kan sì ní kò sí ohun tó kan ìjọba nínú ohun tí èèyàn ń ṣe lábẹ́ òrùlé rẹ̀. Nígbà tí a wo ìtàn wò, a rí i pé ìbéèrè yìí ti pẹ́ ní ilẹ̀ wa, ó sì ti dá ogun sílẹ̀ rí. Ohun tí a rí dì mú nínú rẹ̀ ni pé orí èèyàn ni ìjọba amúnisìn kà nígbà tó ń gba owó lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nílé. Kò bi wọ́n pé èló ni wọ́n ná, èló ló sì kù.

Ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀

Àwa tí a ń kọ́ Yorùbá kò gbọdọ̀ kọjá lára ọ̀rọ̀ náà "owó-orí" láìyẹ̀ ẹ́ wò. Owó tí wọ́n ń san lórí orí kọ̀ọ̀kan ni. Ọ̀rọ̀ yìí kan náà la fi ń pe owó tí ìdílé ọkọ ń san lórí ìyàwó. Kò sí ọjà nínú rẹ̀, kò sí iṣẹ́, kò sí èrè.

Kí òyìnbó tó dé, ọ̀nà mìíràn ni ọba àti ìlú fi ń rí owó. Oníbodè máa ń gba owó ibodè lórí ẹrù tó ń wọ ìlú tàbí tó ń jáde. Ẹni tó ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀ á san ìṣákọ́lẹ̀. Ní Ọ̀yọ́, àwọn ìlú abẹ́ Aláàfin a máa ru koríko wá síbi ọdún Bẹẹrẹ láti fi bo òrùlé ààfin. A kò sọ pé àwọn nǹkan wọ̀nyí fúyẹ́ fún ẹni tó ń san wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹrù ni oníbodè ń wò. Obìnrin tó ń rẹ aṣọ nínú agbo ilé, ìgbà tí aṣọ rẹ̀ bá dé ẹnu ibodè ni ọ̀rọ̀ owó tó dé bá a.

Ọdún 1918

Láti 1893 ni Ẹ̀gbá ti ní ìwé àdéhùn pẹ̀lú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pé àwọn yóò máa ṣàkóso ara wọn. Ní 1914, àdéhùn yẹn parí. Owó-orí tààrà dé Ọ̀yọ́ ní 1916, ó sì dé Abẹ́òkúta ní ìbẹ̀rẹ̀ 1918. Ní oṣù kẹfà ọdún náà, Ogun Adúbí bẹ́ sílẹ̀. Àwọn ará oko gbé ìbọn, wọ́n hú irin ọkọ̀ ojú irin, wọ́n gé wáyà tẹlígíráfù. Iṣẹ́ ọ̀ranyàn àti ìwà àwọn adájọ́ kóòtù ìbílẹ̀ wà lára ohun tó bí wọn nínú, ṣùgbọ́n owó-orí ló wà ní iwájú. Àwọn sójà pa ogun náà rẹ́, ọ̀pọ̀ èèyàn kú, owó-orí sì dúró.

Kì í ṣe ibi gbogbo ní ilẹ̀ Yorùbá ni obìnrin ti ń san owó-orí lọ́tọ̀. Ní Abẹ́òkúta, wọ́n ń san án. Ọmọbìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í san láti ọmọ ọdún 15, nígbà tí ọmọkùnrin bẹ̀rẹ̀ láti ọmọ ọdún 16. Ìyàwó ilé ń san tirẹ̀ yàtọ̀ sí ti ọkọ rẹ̀. Àwọn obìnrin fi ẹ̀sùn kan àwọn agbowó-orí pé wọ́n ń bọ́ aṣọ lára àwọn ọmọbìnrin láti mọ̀ bóyá wọ́n ti tó ẹni tó ń sanwó.

Ìṣirò aláró

Ẹ jẹ́ ká wo obìnrin kan tó ń ṣe àdìrẹ ní Abẹ́òkúta nígbà náà. Inú ilé ni ìkòkò aró rẹ̀ wà. Kó tó ta aṣọ kan, ó ti ra aṣọ funfun, àwìn ni ọ̀pọ̀ wọn sì ń gbà á. Ó ra èlú. Bó bá jẹ́ àdìrẹ ẹlẹ́kọ ló ń ṣe, ó nílò ẹ̀kọ tí wọ́n fi gbágùúdá ṣe. Bó bá jẹ́ oníko, ó nílò ìko àti ọwọ́ tí yóò bá a dì í. Ó ra igi ìdáná, ó sì bọ́ àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ní àwọn ọdún 1920, ọjà àdìrẹ gbóná gan-an, àwọn oníbàárà ń wá láti ọ̀nà jíjìn. Lẹ́yìn náà ni ọrọ̀ ajé àgbáyé dẹnu kọlẹ̀, aṣọ kò tà mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, gbèsè sì pọ̀. Àwọn aláró kan bẹ̀rẹ̀ sí í lo sódà àti aró òyìnbó kí iṣẹ́ lè yá, kí owó tí wọ́n ń ná lè dín kù. Ìjọba ìbílẹ̀ lábẹ́ Aláké Adémọ́lá Kejì fi òfin de méjèèjì nínú àwọn ọdún 1930, wọ́n ní ó ń ba orúkọ àdìrẹ jẹ́. Àwọn aláró yarí.

Ní gbogbo àkókò yìí, owó-orí kò mọ̀ bóyá ọjà tà tàbí kò tà. Ẹni tó jèrè àti ẹni tó wà nínú gbèsè, orí kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ní. Iye tí wọ́n dá lé obìnrin lórí ni wọ́n ń gbà.

Àwọn obìnrin béèrè ìwé ìṣirò

Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì àti àwọn obìnrin ọ̀mọ̀wé mìíràn ti ní ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn obìnrin ọjà ní ìwé kíkà. Ní 1946, ẹgbẹ́ náà di Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta, tàwọn aláró àti àwọn alájàpá náà wà nínú rẹ̀. Wọ́n ní kí ìjọba yéé gba owó-orí kan náà lọ́wọ́ gbogbo obìnrin, kó dojú kọ àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó tó ń kó èrè lọ. Wọ́n tún gba oníṣirò owó kan láti yẹ ìwé owó ìjọba ìbílẹ̀ wò. Àwọn tí ìjọba kò bi léèrè ìṣirò wọn rí, àwọn ló wá ń béèrè ìṣirò lọ́wọ́ ìjọba.

Ní ìparí oṣù kọkànlá ọdún 1947, nǹkan bí 10,000 obìnrin yí ààfin Aláké ká, wọ́n sì sùn síbẹ̀. Ìjà náà ń bá a lọ jálẹ̀ 1948. Ní oṣù kìíní ọdún 1949, Aláké fi oyè sílẹ̀. Wọ́n mú owó-orí obìnrin kúrò, àwọn obìnrin sì wọ ìgbìmọ̀ ìlú. Ọba padà wá ní ìparí 1950.

Irú ọ̀rọ̀ yìí tún ṣẹlẹ̀ ní ọ̀dọ̀ àwọn àgbẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1968, àwọn Àgbẹ́kọ̀yà ya wọ Ìbàdàn, wọ́n ní ọ̀kẹ́ mẹ́fà, ìyẹn ṣílíǹgì 30, ni agbára àwọn ká láti san, nítorí owó kòkó kò tó nǹkan.

Ẹlẹ́ja wa ńkọ́?

Lónìí, òfin kò ka orí mọ́. Èrè ló ń wò. Ṣùgbọ́n ó kọ́kọ́ ń béèrè bóyá òwò ni ohun tí èèyàn ń ṣe. Ní 1955, ìgbìmọ̀ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì to àmì mẹ́fà kalẹ̀ tí a fi ń dá òwò mọ̀, àwọn tó ń kọ́ òfin owó-orí ní Nàìjíríà náà sì ń lò wọ́n: irú ohun tí wọ́n tà, bó ṣe pẹ́ tó lọ́wọ́ wọn, iye ìgbà tí wọ́n ń tà á, iṣẹ́ tí wọ́n ṣe sí i kí ó lè tà, ohun tó mú kí wọ́n tà á, àti bóyá èrè ni wọ́n ń wá. Ẹni tó ta ẹja méjì nítorí pé àpótí rẹ̀ kún, kò tíì di oníṣòwò. Ẹni tó ń sin ẹja láti tà, tó ń ra ẹja kún un, tó ń polówó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, òwò ló ń ṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló ń kó oúnjẹ ẹja sí.

Ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń gbé ló ń gba owó-orí ẹni tó ń dá òwò ṣe. Òfin tuntun tí wọ́n buwọ́ lù ní oṣù kẹfà 2025, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ 2026, sọ pé wọn kò ní gba nǹkan kan lórí ₦800,000 àkọ́kọ́ nínú owó tó yẹ kí wọ́n bu owó-orí lé lọ́dún. Ìdá 15 nínú 100 ni wọ́n máa gbà lórí ₦2,200,000 tó tẹ̀ lé e. Kí wọ́n tó débẹ̀, ẹlẹ́ja á ti yọ ohun tó ná lórí òwò: oúnjẹ ẹja, oògùn, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sómi, epo jẹnẹrétọ̀. Àpótí tó wà ní pálọ̀ fún ìgbádùn ojú kò sí nínú rẹ̀.

Ibi tí ìtàn àwọn ìyá wa ti kàn wá nìyí. Láti 2011 ni òfin ti gba agbowó-orí láyè láti fojú díwọ̀n owó tó ń wọlé fún oníṣòwò tí kò ní ìwé ìṣirò. Ẹni tí wọ́n bá fojú díwọ̀n, a jẹ́ pé ó ti padà sí 1918: kò sẹ́ni tó máa ka owó epo rẹ̀ tàbí ẹja tó kú nígbà tí iná lọ. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Nítorí náà, ẹ ra ìwé kan, ẹ máa kọ ọjọ́, ohun tí ẹ rà, ohun tí ẹ tà àti ohun tó kú sínú rẹ̀, kí ẹ sì tọ́jú rìsíìtì.

Ẹ̀yin tí ìyá àgbà yín rẹ aró rí ní Ìtòkú tàbí níbòmíràn, ẹ bá wa bi wọ́n léèrè bí wọ́n ṣe ń ṣírò èrè wọn, àti ohun tí wọ́n ń pe owó tí wọ́n ń san fún ìjọba. Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wa. A fẹ́ kó irú àwọn ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ jọ kí wọ́n tó sọnù.